Bí ọmọ Okun ṣe lè di nọ́ọ̀sì ológun kí ọjọ́ orí tó ti ilẹ̀kùn

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́dọọdún ni mo ń rí i ní ilẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kabba títí dé Egbe, ọmọ tó gbọ́n, tó ti gba láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì, tó wù ú kó wọ kákí, á gbéra lọ sí Lokoja fún screening, àyẹ̀wò ìwé àti ara, á sì padà wálé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà, ojú á ti wú. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́ o. Ìwé ẹ̀ ni ò bára mu, tàbí ọjọ́ orí ti kọjá, tàbí kẹ̀ ẹnì kan ti gba owó kájú lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ pé òun á bá a fi "slot" kan pamọ́. Nọ́ọ̀sì lèmi náà, mo gbìyànjú ẹ̀ nígbà kan, mi ò wọlé, màá sọ ìdí ẹ̀ tá a bá dé ibẹ̀. Ohun tí mò ń sọ fún gbogbo àbúrò tó bá wá bá mi ni pé iṣẹ́ yìí, kí pọ́tàlì, ìkànnì tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, tó ṣí lèèyàn ti ń gbà á, torí tó bá ṣí tán ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ò sì tó fún ẹni tó fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tún ìwé ṣe.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀

- Èsì WAEC tàbí NECO tó ní kírẹ́díìtì márùn-ún: English, Mathematics, Biology, Chemistry, Physics, ìjókòó kan tàbí méjì, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ
- Ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àti láísẹ́ǹsì tí ọjọ́ ẹ̀ ò tíì kú láti ọ̀dọ̀ Nursing and Midwifery Council of Nigeria
- Ìwé ọjọ́ ìbí
- Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ yín gan-an
- NIN àti BVN
- Ìwé NYSC, tó bá jẹ́ ọ̀nà ọ́físà lo fẹ́ gbà
- Onídùúró tó ní ipò tí wọ́n mọ̀
- Ímeèlì àti láìnì fóònù tó jẹ́ tìẹ, kì í ṣe ti ọmọkùnrin tó ni káfé

Wá fáìlì oníke kan tí omi ò lè wọ̀, kó gbogbo ẹ̀ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ka ọjọ́ orí ẹ láti ẹ̀yìn wá

Ilẹ̀kùn méjì ló wà. Èkíní ni kó o wọlé bíi sójà tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn Army ń pè wọ́n ní tradesmen àti tradeswomen. Ọdún 18 sí 26 ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, ẹni tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́, 22 ni tiẹ̀ dúró sí, Depot, ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ sójà tuntun, bíi ti Zaria, sì ni wọ́n máa ń lọ. Ìkejì ni ọ̀nà ọ́físà, Direct Short Service Commission, DSSC ni gbogbo ayé ń pè é. Láti 22 sí 32 ni, dìgírì ẹ ò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju second class lower, HND ò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju upper credit, wọ́n á sì béèrè ìwé NYSC. NDA, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ́físà ológun ní Kaduna, làwọn yẹn ti ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Air Force àti Navy náà ní ilẹ̀kùn méjèèjì yìí, àmọ́ wọ́n ní iye ọdún tiwọn, tí ìpolówó wọn bá jáde ká a láti òkè délẹ̀, má gbẹ́kẹ̀ lé èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp léṣìí.

Ó yá, mú bébà. Ká ní ọmọ 18 ni ẹ́ nígbà tó o jáde SS3, JAMB ò wọlé lẹ́ẹ̀kan, o wá bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní 20. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, o ti di 24. Kó o tó ṣe ìdánwò Council, kí èsì jáde, kí láísẹ́ǹsì tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, 25 ti dé. Ọdún kan péré ló kù fún ẹ láti wọlé bíi sójà, tí o bá sì ti ń rò pé "màá ṣiṣẹ́ díẹ̀ ná ní ilé ìwòsàn aládàáni kí n rí owó", ó tán nìyẹn. Ẹni tó lọ yunifásítì fún BNSc, dìgírì nọ́ọ̀sì, ńkọ́? Ọdún márùn-ún, íntánṣíìpù ọdún kan, NYSC ọdún kan. Tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 20, á ti pé 27 kó tó parí, ó ṣì ní ọdún márùn-ún lọ́wọ́ kó tó di 32. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn òbí pé tí agbára bá gbé e, ẹ jẹ́ kọ́mọ lọ fún BNSc tàbí kó ṣe é dé HND, kì í ṣe torí ipò nìkan, torí àyè tó fi sílẹ̀ ni.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìṣe: wọ́n á ní "ṣé ká gé ọjọ́ orí kù díẹ̀ ni?" Jọ̀ọ́, má ṣe é. NIN ti di ọjọ́ ìbí ẹ mú, WAEC dì í mú, fáìlì ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì náà dì í mú. Ẹni tó bá fi irọ́ wọlé, ọjọ́ tí wọ́n bá rí i, inú kákí ni wọ́n á ti lé e.

Yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé o lè sọ, láì ronú lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́, oṣù àti ọdún tí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan máa tì mọ́ ẹ? Kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ẹ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ilé-ẹ̀kọ́ àti láísẹ́ǹsì

Èyí ò gùn. Nítòsí wa níbí, ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ECWA wà ní Egbe, ti ìpínlẹ̀ wà ní Obangede, ẹni tó bá fẹ́ BNSc lè gba Omu-Aran kọjá sí Ilorin. Ibi yòówù kó jẹ́, kó jẹ́ èyí tí Council fọwọ́ sí ní ọdún tó o wọlé. Auxiliary nurse tí wọ́n ń kọ́ lóṣù mẹ́fà ní kílíníìkì kan lẹ́yìn ọjà, Army ò kà á sí nọ́ọ̀sì, ó sì ń dùn mí gan-an tí mo bá rí ọmọ tó ti fi ọdún méjì ṣòfò síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ òótọ́ fún un.

Nǹkan míì: àwọn ológun ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tiwọn, bíi ti Army tó wà ní Yaba ní Èkó. Wọ́n ń gba ọmọ aráàlú náà. Àmọ́ kéèyàn jáde níbẹ̀ ò sọ ọ́ di sójà o, aráàlú lo bá wọlé, aráàlú lo máa bá jáde, wàá ṣì to fọ́ọ̀mù bíi gbogbo èèyàn.

Yẹ̀ ẹ́ wò: ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún láísẹ́ǹsì ṣe. Wo ọjọ́ tí tìẹ máa kú. Tí ò bá tó ọdún kan mọ́, tún un ṣe báyìí.

Ìgbésẹ̀ 3: Jẹ́ kí orúkọ ẹ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo

Ibí ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ kà dáadáa, torí ibí lèmi ti já.

Orúkọ ìdílé wa ní Okun gùn, olúkúlùkù ló sì ń kọ ọ́ bó ṣe rí i. Olorunmaiye ni bàbá mi ń kọ. Tíṣà tó kọ orúkọ mi sí fọ́ọ̀mù WAEC kọ Olorunmaye, "i" kan ló fò. Mi ò rí i. Mo gba ìwé ẹ̀rí, mo fi wọ ilé-ẹ̀kọ́, mo gba láísẹ́ǹsì, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Ọmọ 25 ni mí lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú tábìlì níbi screening kan, sójà tó jókòó síbẹ̀ mú rúlà onígi kékeré kan, ó fi sábẹ́ orúkọ mi lórí ìwé ọjọ́ ìbí, ó ń fi bírò tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó tún gbé rúlà náà sórí WAEC, ó ń tọ ọ́, bírò wá dúró. Kò pariwo, kò bú mi. Ó kàn ní, "Aunty, ẹni méjì lẹ mú wá." Mo ṣàlàyé títí, mo sunkún. Kí n tó lọ ilé ẹjọ́, kí n tó ṣe ìwé ìròyìn, pọ́tàlì ti tì, nígbà tó sì tún máa ṣí mo ti lé ní 26. Lẹ́tà kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ṣe báyìí:

Tẹ́ gbogbo ìwé ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mú rúlà. Bẹ̀rẹ̀ láti WAEC, torí òun ló ṣòro jù láti yí padà, òun ni kí gbogbo ìwé tó kù tẹ̀ lé. Wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wo bí orúkọ ṣe tò tẹ̀ léra, wo ọjọ́ ìbí. Lẹ́yìn náà NIN, BVN, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ọmọ ìbílẹ̀, ìwé ilé-ẹ̀kọ́, láísẹ́ǹsì, NYSC.

Tó bá jẹ́ NIN ló yàtọ̀, ọ́fíìsì NIMC ni wọ́n ti ń tún un ṣe, owó ọjọ́ ìbí sì pọ̀ ju ti orúkọ lọ fíìfíì, wọ́n á tún béèrè ìwé láti National Population Commission lọ́wọ́ ẹ. Ẹni tó bá ti lé ní 18 tí kò gba ìwé ọjọ́ ìbí nígbà tó wà lọ́mọdé, ìwé ẹ̀rí ìbí tí wọ́n ń pè ní attestation ni wọ́n máa ń fún un níbẹ̀, gbà á láìpẹ́, má dúró. Tó bá jẹ́ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tàbí láísẹ́ǹsì ló yàtọ̀, ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ni, kó o tó wá kọ̀wé sí wọn. Oṣù mẹ́ta lè lọ sí i, ó lè di mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó lè sáré ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí pọ́tàlì ṣí.

Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ náà ní wàhálà tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, Èkó, Kaduna tàbí Ilorin ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n á wá gba ìwé ibẹ̀ torí ó yá. Ìwé àwọn òbí míì sì ṣì ń jẹ́ Kwara torí ọdún 1991 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Kogi sílẹ̀, ọmọ á kàn dà á kọ. Ilé bàbá ẹ ni kó o lọ. Ìjùmú ń gba tiwọn ní Iyara, Mopa-Muro ní Mopa, Yagba East ní Isanlu, Yagba West ní Odo-Ere, Kabba/Bunu ní Kabba. Lọ fúnra ẹ, mú ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá kan tí wọ́n mọ̀ ní agbolé dání, kí ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì ka orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sórí ẹ̀, torí taipíìtì náà máa ń fo lẹ́tà.

Yẹ̀ ẹ́ wò: fún àbúrò ẹ kékeré tó wà ní JSS ní gbogbo ìwé náà, sọ fún un pé kó máa ka orúkọ ẹ lẹ́tà lẹ́tà sókè láti ìwé kan sí ìkejì. Ojú ẹ ti mọ́ orúkọ ẹ jù, kò lè rí àṣìṣe mọ́. Tí ọmọ yẹn ò bá dúró níbì kankan, o ti yege.

Ìgbésẹ̀ 4: Ara

Fún Army, ọkùnrin gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.68, obìnrin 1.65. Ti Air Force, 1.66 fún ọkùnrin, 1.63 fún obìnrin. Ẹni tí gíga rẹ̀ bá ku díẹ̀ fún Army, má sunkún, wo Air Force.

Má ṣe fi téèpù télọ̀ wọn ara ẹ, 150 sẹ̀ǹtímítà lọ̀pọ̀ wọn ti ń parí, àwọn èèyàn á so méjì pọ̀, wọ́n á wá ṣì í wọ̀n. Yá ti kápẹ́ńtà. Bọ́ bàtà, tú irun dídì tó ga, fi gìgísẹ̀ kan ògiri, kí ẹnì kan gbé ìwé olójú líle kan lé orí ẹ kó tẹ́jú, kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sábẹ́ ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kó o ṣe é, torí ara máa ń sún kì díẹ̀ tó bá ti rìn látàárọ̀, tí iye yẹn bá tó nírọ̀lẹ́, á tó láàárọ̀.

Eré sísá: máa fojú sí kìlómítà 3.2 láìdúró. Bẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́rin ṣáájú, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, sá ìṣẹ́jú mẹ́ta, rìn ìṣẹ́jú méjì, tún sá, ní agogo márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ kí mọ́tò tó pọ̀ lójú títì. Òkè pọ̀ lọ́dọ̀ wa, lò ó, ẹni tó bá ti lè sá gun òkè, pápá tó tẹ́jú á rọrùn fún un. Fi push-up àti sit-up kún un lọ́jọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Àwa nọ́ọ̀sì máa ń rò pé dídúró wákàtí méjìlá ní wọ́ọ̀dù ti tó eré ìdárayá. Kò tó o, mo ti rí nọ́ọ̀sì tó dákú ní ìyípo kejì.

Lọ ṣe àyẹ̀wò ara tìẹ kí wọ́n tó ṣe é fún ẹ: ojú, títí kan bóyá o mọ àwọ̀ yà sọ́tọ̀, etí, ìfúnpá, ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀. Wọ́n á wo orúnkún tó ń lura wọn, wọ́n á wo àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n á wo oògùn olóró nínú ìtọ̀, wọ́n á yẹ obìnrin wò fún oyún. Ẹni tó bá fín ara, wọn kì í gbà á. Ìpolówó tún lè béèrè pé kí ẹni tó ń wọlé bíi sójà má tíì gbéyàwó tàbí lọ́kọ, kó má sì tíì bímọ, ká a dáadáa.

Yẹ̀ ẹ́ wò: tó o bá sá 3.2 lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí aago ò kọjá ìṣẹ́jú 16, tó o sì ṣì lè sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, o ti ṣe tán.

Ìgbésẹ̀ 5: Fọ́ọ̀mù

Ti Army wà ní recruitment.army.mil.ng, ti Air Force ní nafrecruitment.airforce.mil.ng. Wo ìparí àdírẹ́sì náà: .mil.ng ni. Èyí tó bá parí pẹ̀lú nǹkan míì, sá fún un. Fọ́ọ̀mù ò ní owó. Mo tún un sọ, kò ní kọ́bọ̀. Owó káfé àti owó tí wọ́n fi tẹ ìwé jáde nìkan ló ń lọ.

Ẹ̀yin bàbá àti màmá wa, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ máa ń ta kájú láàárín February sí May, ìgbà yẹn gan-an làwọn èèyàn yìí ń wọ abúlé, wọ́n á wọ T-shirt tí wọ́n kọ Army sí, wọ́n á ní àwọn mọ ọ̀gá kan ní Abuja. Ẹ má fún wọn. Mo mọ ilé kan tí wọ́n ti ta oko kájú fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọmọ náà yege fúnra ẹ̀, orúkọ ẹ̀ jáde lórí pọ́tàlì, ọkùnrin yẹn wá ń sọ pé òun ló ṣe é, ó tún ń béèrè owó tó kù. Ẹni tí ò yege ńkọ́? Fóònù ẹ̀ ò ní wọlé mọ́ ni.

Tó o bá ń kún fọ́ọ̀mù, jókòó tì í fúnra ẹ, WAEC wà lójú ẹ, má jẹ́ kí ọmọ káfé máa bi ẹ́ léèrè kó sì máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Mú ẹ̀ka nọ́ọ̀sì níbi tí wọ́n bá ti bi ẹ́ léèrè iṣẹ́ ọwọ́, àìmọye nọ́ọ̀sì ló ti kọ ara wọn sí ti aláìníṣẹ́ lọ́wọ́, ọjọ́ orí 22 sì lé wọn padà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kó o forúkọ sílẹ̀, tó o bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, wọ́n lè fagi lé méjèèjì. Òru lẹ́yìn agogo méjìlá ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dára lọ́dọ̀ wa.

Fọ́ọ̀mù onídùúró: ìwé náà fúnra ẹ̀ máa ń dárúkọ irú ẹni tó lè fọwọ́ sí i, bí alága tàbí akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, adájọ́ májísíréètì, ọ̀gá ilé-ìwé, ọ̀gá ológun tàbí ọlọ́pàá tó ti dé ipò tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ẹ́ ni kó o wá, kó fún ẹ ní fọ́tò àti ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ kí i láti oṣù kan ṣáájú, tó o bá dé ilé ẹ̀ kí i dáadáa kó o tó na bébà sí i, àwọn àgbà wa kì í fẹ́ kéèyàn kàn já wọlé pé "ẹ bá mi sáìnì."

Yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ìwé ìjẹ́rìí pé o ti forúkọ sílẹ̀, èyí tó ní nọ́ńbà fọ́ọ̀mù ẹ, ti wà ní bébà méjì, ọ̀kan nínú fáìlì, ọ̀kan lọ́wọ́ màmá nílé? Ṣé orúkọ orí ẹ̀ bá ti WAEC mu lẹ́tà sí lẹ́tà?

Ìgbésẹ̀ 6: Lokoja, àti ibi tó kọjá Lokoja

Máa wo ímeèlì, SMS àti pọ́tàlì fúnra ẹ̀ lójoojúmọ́. Tí wọ́n bá pè ẹ́ sí Lokoja, lọ sùn síbẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹni tó bá ní òun á gbéra ní Egbe tàbí Odo-Ere ní agogo mẹ́rin òru, tírélà sìmẹ́ńtì lè dì í mọ́ Obajana, kò sì sẹ́ni tó máa dúró dè é.

Mú ojúlówó ìwé àti fọ́tòkọ́pì, singlet funfun, ṣòkòtò péńpé, kámbáàsì tí ẹsẹ̀ ẹ ti mọ́, omi, ẹ̀wà tàbí iṣu sísè, má jẹ nǹkan tuntun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Tí wọ́n bá ní "tẹ̀ síwájú", tẹ̀ síwájú. Dá wọn lóhùn kúkurú, sókè. Wọ́n lè béèrè iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe? Sọ ohun tí o máa fi ọwọ́ ẹ ṣe, ní ìkọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé aláìsàn náà wà nílẹ̀ níwájú ẹ. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà náà wà, English, ìṣirò, ọ̀rọ̀ tó ń lọ, ẹni tí kò bá tíì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà látìgbà JAMB, kó lọ fi ọwọ́ kàn án ní káfé.

Wọ́n á bi ẹ́ bóyá o lè lọ ibikíbi. Bá àwọn ará ilé sọ ọ́ kó o tó lọ, pàápàá màmá. Maiduguri náà nílò nọ́ọ̀sì. Má dé iwájú tábìlì kó o wá máa rò ó.

Yẹ̀ ẹ́ wò: tí orúkọ ẹ bá jáde nínú àkójọ ìkẹyìn, orí pọ́tàlì .mil.ng yẹn ni kó o ti rí i fúnra ẹ, kì í ṣe nínú fọ́tò tí ẹnì kan fi ránṣẹ́. Ka ọjọ́ tí wọ́n ní kó o dé lẹ́ẹ̀mejì. Kó ojúlówó ìwé sínú fáìlì oníke yẹn, láísẹ́ǹsì lókè, fi ẹ̀dà gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ nílé, lọ sọ fún ọ̀gá níbi iṣẹ́ pé o ń lọ, kó o sì wọ mọ́tò ní ọjọ́ méjì ṣáájú.